Ìka Ìyá Sàhéèdì Tí Ìjọba Kò Gbà

Ìyá Sàhéèdì kú ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ìgbéyàwó mi. Làálì ṣì pọ́n lọ́wọ́ mi nígbà tí àwọn obìnrin àdúgbò ní kí n wá bá àwọn wẹ òkú màmá náà. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo rọra ń da omi sí i, mo ń fọ ìka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ìka náà sì ń yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí òkúta ìsàlẹ̀ odò. Bí ènìyàn wá ilà lórí wọn títí di ọ̀la, kò ní rí ẹyọ kan. Àwọn ìka yìí ni ìjọba wò, tó ní òun kò mọ ẹni tó ni wọ́n. Nítorí wọn ni ilé ìwòsàn ìjọba ṣe dá Màmá padà sílé, ilé náà ni Màmá sì kú sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá ń sáré. Ìyàwó tuntun ni mí. Inú mi ń dùn débi pé tí mo bá jí láàárọ̀, kí n tó rántí orúkọ ara mi, ẹ̀rín ti wà lẹ́nu mi. Mo fẹ́ ọkùnrin tí mo fẹ́ràn, a gba yàrá kan àti pálọ̀ ní Mowe, fèrèsé wa kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ, ọkọ mi ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fèrèsé náà. Irú ayọ̀ báyìí kì í jẹ́ kí ènìyàn sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ayọ̀ náà lé mi lọ́wọ́ ti wà nínú ilẹ̀ ní Ọ̀fàdà. Bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín ni inú ń bí mi, n kò sì mọ bí mo ṣe lè ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Ẹni tí kò bá mọ Ìyá Sàhéèdì, iṣẹ́ òkúta ṣíṣà ni wọ́n ń ṣe, òkúta inú ìrẹsì. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ ìrẹsì Ọ̀fàdà tí ẹ kò sì jẹ òkúta mọ́ ọn, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ọwọ́ wọn ló kọjá níbẹ̀. Láti ìgbà ọmọge ni wọ́n ti ń jókòó sábẹ́ páànù ilé ìlọrẹsì, atẹ á wà lórí itan wọn, wọ́n á máa fi ìka tú ìrẹsì lọ, wọ́n á máa tú u bọ̀. Wọn kì í wò ó púpọ̀. Wọ́n á máa bá ènìyàn ṣàwàdà, ojú wọn á wà lára ẹni tó ń kọjá lọ lójú títì, ìka á ṣì máa bá òkúta, á sì máa jù ú síta. Iṣẹ́ yìí ló jẹ ilà ìka wọn tán, díẹ̀díẹ̀, láìsí ẹni tó ṣàkíyèsí.

Ibẹ̀ ni mo ti bá wọn pàdé. Láti Ifo ni mo ti ń wá ra ìrẹsì tí mò ń tà ní Mowe, lẹ́yìn tí mo jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama tí kò sí agbára àtilọ síwájú. Lọ́jọ́ kan, Àbúbákr tó ń ṣe fèrèsé wá tún fèrèsé ilé ìlọrẹsì ṣe. Ìyá Sàhéèdì rí bó ṣe ń wò mí. Wọ́n pè é, wọ́n gbé atẹ lé e lórí itan, wọ́n ní kó bá àwọn ṣà á díẹ̀. Ọkùnrin gíga gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ, pẹ̀lú irinṣẹ́ nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó jókòó ti atẹ, ó ń làágùn, àwọn obìnrin ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó ní òun ti ṣe tán, Màmá fi ọwọ́ tú ìrẹsì inú atẹ náà lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n ṣa ẹ̀kúnwọ́ òkúta jáde.

"Iṣẹ́ yìí ò dáa rárá," ni Màmá wí. "Ojú ẹ̀ ò sí lára ìrẹsì. Ṣùgbọ́n kò dìde. Mọ́láyọ̀, ọkùnrin tó lè jókòó báyìí nítorí ẹ, gbọ́ tiẹ̀."

Mo gbọ́ tirẹ̀. Òun ló ń pè mí láti yàrá bí mo ṣe ń kọ èyí, pé kí n wá jẹun.

Wàyí o, ẹ má rò pé Ìyá Sàhéèdì sáré lọ gba nọ́mbà ìjọba. Nígbà tí ìkéde náà dé pé kí gbogbo ènìyàn wá tẹ̀ka, kí wọ́n wá ya fọ́tò ojú, kí wọ́n wá gba nọ́mbà tí ìjọba yóò fi dá wọn mọ̀, Màmá kọ̀. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, àgọ́ ọlọ́pàá nìkan ni wọ́n ti ń ní kí ènìyàn wá tẹ̀ka, ẹni tó bá sì tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, ó ti ṣẹ̀. Kí ni àwọn ṣe? Wọ́n ní ìjọba tí kò wá wo ojú ọ̀nà Ọ̀fàdà nígbà tó di ẹrẹ̀, tí kò bèèrè bí ẹnikẹ́ni ṣe ń rí omi mu, báwo ló ṣe jẹ́ pé ìka arúgbó ni ó wá ká a lára? Kí ló fẹ́ fi ṣe? Níbo ló ń kó o sí? Ta ló ń ṣọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọ?

Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni gbogbo rẹ̀. Títí di òní, kò sí ẹni tó dáhùn rẹ̀.

Ìjọba kò tilẹ̀ bá Màmá jiyàn. Ó wá ibi tó máa dùn wọ́n, ó sì mú wọn níbẹ̀. Sàhéèdì, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ń ṣe iṣẹ́ bíríkìlà ní Kútọnu. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tó bá ti kírun tán, ó ń pe ìyá rẹ̀. Ó di Jímọ̀ kan, fóònù kò dún. Wọ́n ti láìnì Màmá pa nítorí pé kò ní nọ́mbà ìjọba lára. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ohùn ọmọ wọn ni ìjọba mú, tó ní bí wọn kò bá gbé ìka wọn wá, wọn kò ní gbọ́ ọ mọ́. Bí aládùúgbò rẹ bá ṣe irú èyí sí ọ, kí ni wàá pè é? Kí ló dé tí orúkọ rẹ̀ fi yí padà nígbà tó jẹ́ ìjọba ló ṣe é?

Ìjọba ní nítorí ààbò ni. Ó ní òun fẹ́ mọ ẹni tó ń pe ẹnikẹ́ni. Ẹ bi àwọn ará Ibafo àti Mowe tó ń wọkọ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀. Bí ajínigbé bá gbé ènìyàn, ṣé lẹ́tà ló ń kọ sí ẹbí rẹ̀ ni? Fóònù ló fi ń pè wọ́n. Láìnì ti ajínigbé kò kú o. Ti Ìyá Sàhéèdì ló kú.

Bẹ́ẹ̀ ni Màmá ṣe bá mi lọ sí ibi ìforúkọsílẹ̀ ní Mowe. A tò títí oòrùn fi mú wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ kò burú, ó kí Màmá dáadáa. Ṣùgbọ́n bí Màmá bá ti gbé ìka lé gíláàsì, iná pupa á tàn. Ó ní kí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n fọ̀ ọ́. Ó ní kí wọ́n nù ún, wọ́n nù ún. Ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dáadáa, lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ jù. Pupa ni. Ọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn wa lórí ìlà kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Màmá, àbí ẹ ti fọwọ́ yìí ṣe nǹkan ni? Àwọn olè ni mo gbọ́ pé wọ́n máa ń fi iná jó ilà ìka wọn."

Màmá kò yíjú padà. "Ọmọ mi, ká ní olè ni mí, ìka mi ì bá ti wà lọ́wọ́ ìjọba tipẹ́."

Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín, títí kan ọmọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ. Ó wá fún Màmá ní ìmọ̀ràn, tinútinú sì ni o. Ó ní kí wọ́n lọ fi ọwọ́ sinmi, kí wọ́n má ṣe iṣẹ́ kankan, kí wọ́n máa fi òróró pa á, pé ilà náà yóò padà hù bí èékánná ṣe ń hù.

Màmá gbà á gbọ́. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí pẹ̀lú mi. Obìnrin tí kò fi àìsàn, òjò tàbí ààwẹ̀ kọ iṣẹ́ rí gbé atẹ kọ́ ara ògiri. Wọ́n fi òrí pa ìka wọn láàárọ̀, wọ́n fi pa á nírọ̀lẹ́, wọ́n fi ọ̀rá wé e bí wọ́n bá fẹ́ dáná. Ìyá Ọmọ́títí, ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ máa ń jókòó ti atẹ, ló ń bá wọn fọ aṣọ kí omi má baà kan ọwọ́ wọn. Nígbàkígbà tí mo bá yọjú, Màmá á gbé ọwọ́ sókè sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Wò ó fún mi, ṣé ó ti ń hù?" Ìyá Ọmọ́títí á gbà á lẹ́nu wọn pé ó ti ń hù bí koríko lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, pé láìpẹ́ àwọn máa ní kí ewúrẹ́ wá jẹ ẹ́. Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Ẹ ti rí irú ìjọba báyìí rí? Ìjọba tó ní kí obìnrin fi iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kó lọ gbin ìka! Ta ni ẹ̀rọ náà ń kọ̀? Ó ń kọ ẹni tó ń po sìmẹ́ńtì, ó ń kọ ẹni tó ń rin gbágùúdá, ó ń kọ alágbàfọ̀. Ẹni tí ilà ìka rẹ̀ pé pérépéré ni ẹni tí kò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe nǹkan kan rí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló jókòó sí ọ́fíìsì tó ṣe òfin yìí, òun ni ẹ̀rọ sì máa ń dá mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí Màmá padà lọ, iná pupa ni. Ọmọkùnrin náà ní ó ku kí ọ̀gá òun wá. Ọ̀gá kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn tí a tún lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì wa, Ìyá Sàhéèdì jókòó ní iwájú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń fi ọwọ́ di orí mú. Wọ́n ní ooru ni. Kì í ṣe ooru. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà lára wọn tipẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú, wọn kò lè dìde dáadáa, ìgbà tó di Ajé ni èmi àti Ìyá Ọmọ́títí gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ wa, èyí tí rédíò ń pariwo pé ọ̀fẹ́ ni fún àwọn àgbà. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà bá Màmá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Ó wá bèèrè nọ́mbà ìjọba. A ní kò sí. A ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìka. Mo ní bí ọ̀fẹ́ kò bá ṣeé ṣe, kó jẹ́ kí n sanwó.

"Ẹ má bínú sí mi, Màmá," ni nọ́ọ̀sì náà wí. "Kì í ṣe èmi o, ẹ̀rọ ni. Tí n kò bá fi nọ́mbà sí i, káàdì yín ò ní ṣí. Tí káàdì ò bá sì ṣí, dókítà ò lè rí yín."

Dókítà náà wà níbẹ̀ o. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Bó bá gbé orí sókè, ojú rẹ̀ á ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti Màmá. Kò lè rí wọn.

Mo bẹ Màmá pé kí a kọjá sí ilé ìwòsàn aládàáni ní ibùdókọ̀ tó tẹ̀lé e. Wọ́n mi orí pé rárá. Wọ́n di ọwọ́ Ìyá Ọmọ́títí mú, wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò tíì jẹ́ kí n gbádùn oorun mi láti ọjọ́ náà.

"Ó ti tó gẹ́ẹ́ bí wọ́n ṣe ń sọ fún mi pé n ò sí. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ sílé. Wọ́n mọ̀ mí níbẹ̀."

Rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n ní ọjọ́ kejì, a sì sin wọ́n kí ìrun ìrọ̀lẹ́ tó tó. Sàhéèdì wọlé láti Kútọnu nígbà tí iyẹ̀pẹ̀ ti gbẹ lórí sàréè.

Ẹ̀rọ ni. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ fóònù sọ ọ́, ibi ìforúkọsílẹ̀ sọ ọ́, ilé ìwòsàn sọ ọ́. Ta wá ni ẹ̀rọ yìí? Ọmọ ìlú ibo ni? Ta ló dìbò fún un? Ṣé ó ní ìyá, tí ẹnì kan lè lọ bá ìyá náà sọ̀rọ̀?

Ṣé ẹ fẹ́ mọ ẹni tí ẹ̀rọ jẹ́? Mo ti rí i. Lẹ́yìn tí a sin Màmá, mo lọ sí ibi ìforúkọsílẹ̀ kan náà láti yí orúkọ mi sí ti ọkọ mi. Ọmọkùnrin ọjọ́sí ló wà níbẹ̀. Mo gbé ìka lé gíláàsì, iná pupa tàn, nítorí làálì. Ṣùgbọ́n ó wo ọwọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín, ó kí mi kú oríire. Ó yíjú sí ẹ̀yìn, ó bá ọkùnrin kan tó jókòó sínú afẹ́fẹ́ tútù sọ̀rọ̀, ọ̀gá tí kò sí níjọ́sí nìyẹn. Ọkùnrin náà mi orí pé kó ṣe é. Ọmọkùnrin náà tẹ nǹkan kan, ó ya fọ́tò ojú mi, ó parí. Orúkọ ọkọ mi wọlé wẹ́rẹ́.

Mo bi í pé ṣé ẹ̀rọ náà lè gba ènìyàn láìtẹ̀ka ni? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní wọ́n fi í sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní ọwọ́, tàbí tí ìka rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, pé ó kàn jẹ́ pé ọ̀gá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i ni. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Kò rántí Màmá mọ́.

Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn. Ọ̀nà wà. Láti ọjọ́ tí Màmá ti kọ́kọ́ dúró lórí ìlà nínú oòrùn ni ọ̀nà ti wà. Ẹ̀rọ kọ́ ló pa wọ́n. Ọkùnrin kan ló jókòó ti ọ̀nà náà, ó ń ṣí i fún ìyàwó tuntun tó ń rẹ́rìn-ín, ó ń tì í mọ́ arúgbó. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú agbára ìjọba nìyẹn. Òfin máa ń le koko lójú ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni, ó sì máa ń rọ̀ bí ọ̀gá bá mi orí. Wọ́n so fóònù mọ́ nọ́mbà yìí, wọ́n so báńkì mọ́ ọn, wọ́n so ìdánwò ọmọ mọ́ ọn, wọ́n ti wá so oògùn mọ́ ọn. Ẹni tó bá di okùn kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ mú, bó bá fà á lọ́la nítorí pé ohun tí mo kọ kò dùn mọ́ ọn nínú, ta ni n ó lọ bá? Èmi kò gba ara mi lọ́wọ́ ìjọba. Kí ló dé tí mo fi ní láti máa lọ tọrọ rẹ̀?

Mi ò tíì dárúkọ bánà. Káńsílọ̀ kan ti so bánà ńlá mọ́ òpó iná lójú ọ̀nà Ọ̀fàdà, ó ń bá ẹbí kẹ́dùn ikú "ìyá wa ọ̀wọ́n". Fọ́tò Ìyá Sàhéèdì wà níbẹ̀, ti káńsílọ̀ sì tóbi jù ú lọ. Ó kọ orúkọ Màmá láìsí àṣìṣe. Ìyẹn ni pé ìjọba mọ̀ wọ́n. Ó mọ ojú wọn, ó mọ orúkọ wọn, ó mọ ilé wọn. Kò béèrè nọ́mbà kó tó lẹ òkú wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀. Sàhéèdì fẹ́ lọ fà á ya, àwọn àgbà ní kó ní sùúrù. Èmi kò bá wọn bẹ̀ ẹ́.

Mo fẹ́ orúkọ. Mo fẹ́ kí ilé ìwòsàn náà, tó mọ ara rẹ̀, sọ orúkọ ẹni tó pàṣẹ pé kí wọ́n máa dá aláìsàn padà láìjẹ́ kí dókítà rí i. Mo fẹ́ kí ọkùnrin inú afẹ́fẹ́ tútù náà jáde wá sọ iye arúgbó tó ti jẹ́ kí wọ́n padà sílé, nígbà tí ọ̀nà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri, ní Yorùbá, ní ibi tí àwọn ènìyàn ti ń tò, pé ẹni tí ẹ̀rọ kò gba ìka rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti gba nọ́mbà. Àti pé ẹni tí kò fẹ́ nọ́mbà rárá ní ẹ̀tọ́ láti rí dókítà. Mo fẹ́ mọ ibi tí ìka gbogbo wa wà.

N kò sì ní jókòó máa retí èsì. Ìyá Ọmọ́títí náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìka Ìyá Ọmọ́títí náà ti dán, wọn kò sì tíì ní nọ́mbà. Oògùn wọn máa tán lọ́sẹ̀ yìí, ọjọ́ Ìṣẹ́gun sì ni ilé ìwòsàn náà ń fún àwọn àgbà ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Èmi àti ọkọ mi máa bá wọn lọ, Sàhéèdì máa bá wa lọ, gbogbo obìnrin ilé ìlọrẹsì ti ní àwọn máa gbé atẹ sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. A kò ní bá nọ́ọ̀sì jà. A ó mú Ìyá Ọmọ́títí jókòó sí iwájú ilẹ̀kùn dókítà, a ó sì dúró tì wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ dá wọn padà lọ́tẹ̀ yìí kò gbọdọ̀ rán ẹ̀rọ. Kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde, kó dárúkọ ara rẹ̀ àti ti bàbá tó bí i kí gbogbo wa gbọ́, kó wo ojú ìyá arúgbó náà, kó sì sọ fún wọn pé wọn kò sí.